Kùmọ̀ Méjì Nínú Kọ̀ǹpútà Mi

Bí o bá gba ẹ̀yìn ọjà adìrẹ ní Ìtòkú wọlé, òórùn ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ kí o tó rí ènìyàn kankan: òórùn ṣítáàṣì tó gbẹ mọ́ aṣọ, òórùn aró, òórùn àbẹ́là tí wọ́n ti fi omi gbígbóná fọ̀ kúrò lára kàǹpálà, àti ti ìtì igi kan tí aṣọ ti nù láti ọdún pípẹ́ wá títí orí rẹ̀ fi ń dán bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí. Ìdí igi yẹn ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ tó fi tọ́ wa. Alùṣọ ni wọ́n. Bí wọ́n bá rẹ kàǹpálà tán tí ó gbẹ, gbagidi báyìí ni yóò le, yóò sì wún jọ. Alùṣọ á ká a, á tẹ́ ẹ sórí ìtì igi, ọkùnrin méjì á jókòó kọjú sí ara wọn, oníkálukú pẹ̀lú kùmọ̀ tirẹ̀, wọn á sì máa lù ú ní àlùpààrọ̀, tìrẹ, tèmi, tìrẹ, tèmi, títí aṣọ náà yóò fi rọ̀, tí yóò sì máa kọ mànà láìfojú kan áyọ́ọ̀nù.

Ẹnìkejì bàbá mi nídìí igi náà ni gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọ̀rẹ́, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò gbọ́ kí bàbá mi pè wọ́n ní ohun mìíràn ju Ọ̀rẹ́ lọ. Bàbá mi fi ọdún méjì jù wọ́n, Ẹ̀gbọ́n sì ni Bàbá Ọ̀rẹ́ ń pe bàbá mi. Àwọn méjèèjì ti jọ lu aṣọ ju ogójì ọdún lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ tó ogójì gbólóhùn lójúmọ́. Màmá mi a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí èèyàn bá kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ jọ, kò lè kún ìdérí ìgò. Wọn á kí ara wọn, wọn á bèèrè ilé, wọn á gbé kùmọ̀, ó parí.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nídìí igi yẹn, bàbá mi ló sì ṣe é. Ẹni tí kùmọ̀ rẹ̀ bá ti ń pa ìlù jẹ, kó gbé e sílẹ̀, kó sì dìde fún ẹlòmíràn. Wọn kò ṣe é láti fi pọ́n ẹnikẹ́ni lójú. Bí kùmọ̀ méjì bá ṣìnà pàdé lókè, ìka ọwọ́ ló ń jẹ ẹ́. Bàbá mi kò fi òfin yìí ṣeré rárá. Òun ni wọ́n fi dá àbúrò tiwọn gan-an dúró nígbà kan, ọmọ ìyá wọn, tí ojú ń dùn ún tí kì í tètè rí ibi tí kùmọ̀ ń balẹ̀ sí mọ́. Àbúrò náà gbé kùmọ̀ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìn ọjà náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Bí a bá bá bàbá mi sọ ọ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé òfin kì í mọ ojú ẹbí.

Èmi ní tèmi, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo ń ṣe l'Ékòó. Ìbarà ni mo ń gbé, ọkọ̀ ojú irin ni mo ń wọ̀ lọ láàárọ̀, òun ni mo ń wọ̀ bọ̀ nírọ̀lẹ́, láptọ́ọ̀pù mi a sì wà lórí itan tí mo ń fi í ṣe orin. Má wá mi kiri o, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mí sí olórin. Bí àwọn kan ṣe ń wo bọ́ọ̀lù ni èmi ń ṣe orin. Inú ohun èlò orin tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, kò sí ohun tí o fẹ́ tí kò sí níbẹ̀: dùùrù, fèrè, gìtá, oríṣiríṣi ìlù. O kàn máa so kíbọ́ọ̀dù kékeré mọ́ láptọ́ọ̀pù ni, bọ́tìnì tí o bá tẹ̀, ohùn rẹ̀ á dún. Ṣùgbọ́n àwọn ìlù inú rẹ̀ ti sú mi. Ohun tí èmi ń lò ni ẹni tó wà ní ìlú òyìnbó ń lò, òun náà ni ẹni tó wà ní Owódé ń lò, gbogbo orin wa wá ń jọ ara wọn bí ìbejì. Níjọ́ kan tí a ń bọ̀ láti Èkó, ìró irin lábẹ́ ọkọ̀ ń lọ gbìì-gbà, gbìì-gbà, mo sì bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin tó jókòó tì mí fi wo mí lójú. Ìlù tí mo ń wá kiri láti ọjọ́ yìí, òun ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà.

Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ní ọ́fíìsì. Mo yá máíkì méjì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gba ohùn sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, mo sì gba Ìtòkú lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ariwo ọjà tó le.

"Kín lèyí?" ni bàbá mi wí bí mo ṣe ń to wáyà sílẹ̀. "Ṣé o fẹ́ gbé mi sórí rédíò ni?"

Mo ní, "Rárá o, bàbá mi. Ohùn kùmọ̀ yín ni mo fẹ́ gbà, kí n fi ṣe ìlù nínú kọ̀ǹpútà."

"Kùmọ̀ ló wá fẹ́ di ìlù? Ayé yìí mà ti bàjẹ́ tán o." Ṣùgbọ́n inú wọn ń dùn. Mo rí i bí wọ́n ṣe tún fìlà ṣe lórí, bí ẹni pé máíkì náà ń rí wọn.

Bàbá Ọ̀rẹ́ ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo máíkì tí mo gbé sítòsí ẹsẹ̀ wọn bí ẹni ń wo àlejò tí a kò ránṣẹ́ pè. "Ọmọ mi, ṣé ẹyọ kan ò tó ni? Gbé e sáàárín wa."

Mo ní, "Bàbá, méjì ló dára. Ti bàbá mi á dá wà, tiyín náà á dá wà."

"Kín la fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" ni wọ́n wí. Mo kà á sí ìṣe àgbà, mo fi ojú fò ó. Ọlọ́run ló mọ̀ pé bí mo bá ti gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn, bóyá n kò ní ní ìtàn kankan láti sọ.

Wọ́n lù, mo gbà á sílẹ̀. Kùmọ̀ bàbá mi nípọn, ohùn rẹ̀ a máa ti ìsàlẹ̀ wá, gbìì. Ti Bàbá Ọ̀rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, ó mú létí, gbà. Aṣọ mẹ́ta ni wọ́n lù kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, mo sì palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo wọ ọ̀kadà padà sí ilé tí mo háyà ní Ìbarà.

Ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí lè rò pé bí a bá ti gba ohùn sílẹ̀, ó parí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó sí pálọ̀ mi, fèrèsé ṣí sílẹ̀, oòrùn ń wọlé, mo ń fi àsálà mumi. Kùmọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń gé lọ́tọ̀. Mo ń gé ìdákẹ́jẹ́ iwájú rẹ̀ kúrò, kí ohùn lè jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ìka bá kan bọ́tìnì. Èyí tó rọ̀, mo fi sí ibì kan. Èyí tó le, mo fi sí ibòmíràn, kí ó lè jẹ́ pé bí a bá tẹ bọ́tìnì pẹ̀lẹ́, kùmọ̀ pẹ̀lẹ́ la ó gbọ́, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́ kíkan, kíkan ni yóò dáhùn. Mo kó ti bàbá mi sí ọwọ́ òsì kíbọ́ọ̀dù, mo kó ti Bàbá Ọ̀rẹ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ bọ́tìnì kan tí kùmọ̀ bàbá mi dún nínú pálọ̀ mi, ara mi bù máṣọ.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dà mí láàmú. Lójú kọ̀ǹpútà, ohùn a máa hàn bí òkè kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn, bí kùmọ̀ bá balẹ̀, òkè kan á yọ. Ní ìlà ti bàbá mi, òkè mẹ́ta, mẹ́rin á tò dáadáa, èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e á wá di òfìfo. Bí mo bá fi etí sí òfìfo náà dáadáa, mo ń gbọ́ kùmọ̀ kan tó ń dún fẹ́ẹ́rẹ́ láti ọ̀ọ́kán. Mo wo ìlà ti Bàbá Ọ̀rẹ́ ní ibi kan náà, mo sì rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lù níbẹ̀ dípò ẹ̀ẹ̀kan. Kí ni mo rò? Mo rò pé wáyà máíkì bàbá mi ló ń já, mo sì rò pé Bàbá Ọ̀rẹ́ kàn ń dárà ni. Mo bú ọ̀rẹ́ mi tó yá mi ní máíkì nínú ọkàn mi. Mo wá mú èyí tó dùn jù nínú kùmọ̀ bàbá mi, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo òfìfo náà. Ibi tí Bàbá Ọ̀rẹ́ ti lù ní ẹ̀ẹ̀mejì, mo pa ọ̀kan rẹ́. Ìlù náà wá lọ geere. Mo yin ara mi.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo gbé láptọ́ọ̀pù àti kíbọ́ọ̀dù lọ bá wọn ní Ìtòkú. Mo ní kí bàbá mi tẹ bọ́tìnì ọwọ́ òsì. Wọ́n fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń dán omi gbígbóná wò. Ohùn kùmọ̀ wọn jáde. "Hẹ̀n-ẹ́n! Èmi rèé!" Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. "Ọ̀rẹ́, wá gbọ́, èmi rèé nínú àpótí!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, àwọn oníkàǹpálà ń wá wò wọ́n. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sọ pé kò tíì parí, mo sì ṣí ìlù àwọn méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí tí mo ti tún ṣe.

Bàbá Ọ̀rẹ́ gbọ́ ọ tán. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé bí a ṣe lù ú náà nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Mo kàn tún un ṣe níwọ̀nba."

"Ó dáa. Ó ti tó bẹ́ẹ̀. Palẹ̀ ẹ̀ mọ́."

Bàbá mi ni kò jẹ́ kí ó tó bẹ́ẹ̀. "Níbo lo ti tún un ṣe?"

Ẹnu mi yá. Mo fi ìka tọ́ ọ fún wọn lójú kọ̀ǹpútà. "Ẹ wò ó, bàbá mi. Ibí, ibí, àti ibí. Gbogbo ibi tí máíkì yín ti kọ̀ tí kò gbọ́ ohùn yín. Bàbá Ọ̀rẹ́ sì ń lu ìlọ́po méjì níbẹ̀, mo yọ ìyẹn kúrò."

Bàbá mi wo ojú kọ̀ǹpútà náà pẹ́. Wọ́n wá dìde. Wọ́n ní àwọn ń lọ ṣe àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ Alásàárì kù tó wákàtí kan. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ba gbé bùtà omi, mo rí i pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi gbé e. Bàbá mi kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì. Ọ̀tún wọn kàn so mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Bàbá Ọ̀rẹ́ kò gbé ojú sókè. "Máíkì ẹ ò ṣe nǹkan kan. Èjìká ẹ̀gbọ́n ni. Láti bí iléyá tó kọjá ló ti ń kọ iṣẹ́. Ó lè gbé e lẹ́ẹ̀mẹta, ìkẹrin á kọ̀."

"Ẹ̀yin wá ń lu tiwọn mọ́ tiyín?"

"Ṣé kí aṣọ wà níbẹ̀ láìlù ni?"

"Ṣé bàbá mi mọ̀ pé ẹ mọ̀?"

Bàbá Ọ̀rẹ́ fi ọwọ́ nu ojú ìtì igi náà, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀. "A ò sọ ọ́ rí," ni wọ́n wí.

Kí ni kí n sọ fún ọ? Ojú tì mí, inú sì bí mi sí ara mi. Mo mọ òfin ìdí igi yẹn bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mo mọ̀ pé ẹni tó fi òfin lé ọmọ ìyá rẹ̀ dìde kò ní ojú láti jókòó síbẹ̀ mọ́ bí òfin bá bá òun náà. Àwọn àgbà méjì yìí ti rí ọ̀nà tí bàbá mi fi lè máa wà nídìí igi náà láìsí ẹni tó tijú. Èmi ni mo gbé e síwájú wọn ní ọ̀sán gangan, tí mo tún ń fi ìka tọ́ ọ. Èyí tó dùn mí jù lọ ni pé làálàá tí Bàbá Ọ̀rẹ́ ti ń ṣe láti iléyá, mo ti fi ìka kan pa á rẹ́, mo ní ó ti pọ̀ jù.

Bàbá mi ṣe àlùwàlá tán, wọ́n padà wá, omi àlùwàlá ṣì wà ní irùngbọ̀n wọn. Wọn kò jókòó sí àyè wọn. Bẹ́ńṣì tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé ni wọ́n jókòó sí.

"Èyí tí o kò tíì tún ṣe, ṣé ó ṣì wà?"

Mo ní ó wà.

"Gbé e sí i."

Bàbá Ọ̀rẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀."

"Gbé e sí i, ọmọ mi."

Mo gbé e sí i. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ ọ. Gbìì, gbà, gbìì, gbà, gbìì, gbà, gbà, gbà. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ òsì bàbá mi, bí òfìfo kọ̀ọ̀kan bá ti dé, wọ́n á fi ìka ti ẹyọ kan. Nígbà tí ó parí, wọ́n wo iye tó wà lọ́wọ́ wọn.

"Ọ̀rẹ́, mo mọ̀ pé o mọ̀," ni wọ́n wí. "Mi ò mọ̀ pé ó pọ̀ tó báyìí ni."

Bàbá Ọ̀rẹ́ họ orí. "Ẹ̀gbọ́n, ọdún tí mo gbé ìyàwó kejì, tí mo ń tòògbé mọ́ kùmọ̀, ta ló lu tèmi fún odidi oṣù kan?"

 Èjìká bàbá mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, èyí tó ń dùn wọ́n àti èyí tí kò dùn, ẹ̀rín sì bú jáde. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Bàbá Ọ̀rẹ́ náà ń rẹ́rìn-ín, èmi tí ojú ti ń tì tẹ́lẹ̀ kò mọ èyí tí mo fẹ́ ṣe mọ́.

"Ṣùgbọ́n òfin ni òfin, Ọ̀rẹ́."

"Òfin tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe."

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn," ni bàbá mi wí.

Wọ́n ní ó ku aṣọ kan tí oníbàárà fẹ́ gbà nírọ̀lẹ́, àwọn á lu ìyẹn kí àwọn tó dìde. Wọ́n bọ́ sí àyè wọn. Bí mo ti ń wò wọ́n, wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, apá wọn kọ̀, wọ́n sì sọ fún Bàbá Ọ̀rẹ́ pé, "Gbà á." Bàbá Ọ̀rẹ́ lù ú fún wọn. Wọ́n tún lù, apá tún kọ̀, wọ́n tún ní, "Gbà á, Ọ̀rẹ́." Gbogbo ẹ̀yìn ọjà ń gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lu aṣọ náà títí ó fi dán, bàbá mi sì dìde, wọ́n to kùmọ̀ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ní kí n jẹ́ ká máa lọ sílé.

A lọ sí ọsibítù, wọ́n fún wọn ní oògùn, wọ́n sì kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa na apá náà láàárọ̀. Ó ti ń gbé ṣíbí, ó ń gbé bùtà, ṣùgbọ́n dókítà ní kùmọ̀ ti parí. Ohun tí n kò retí ni pé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá mi wọ agbádá, wọ́n lọ bá àbúrò wọn nílé. N kò sí níbẹ̀, n kò sì bèèrè ohun tí wọ́n jọ sọ. Mo kàn mọ̀ pé àbúrò náà, tí ó ti gba gíláàsì ojú láti ọjọ́ pípẹ́, ló jókòó kọjú sí Bàbá Ọ̀rẹ́ báyìí. Bàbá mi náà ń lọ lárààárọ̀, wọ́n ń ká aṣọ, wọ́n ń bá àwọn oníbàárà jà.

Èmi náà tún iṣẹ́ mi ṣe. Mo yọ gbogbo ẹ̀dà tí mo lẹ̀ mọ́ òfìfo kúrò, mo sì dá ohun tí mo pa rẹ́ padà. Mo wá mú ọ̀kan nínú àwọn òfìfo náà, ibi tí máíkì bàbá mi kò ti gbọ́ bàbá mi, tó jẹ́ kùmọ̀ Bàbá Ọ̀rẹ́ nìkan ló ń gbọ́ láti ọ̀ọ́kán, mo fún un ní bọ́tìnì tirẹ̀ láàárín tàwọn méjèèjì. Nígbà tí bàbá mi wá kí mi ní Ìbarà, bọ́tìnì yẹn ni mo fi hàn wọ́n. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tẹ́tí sí i títí ohùn náà fi tán pátápátá, wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ nìyẹn."

Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà. Èmi ọmọ wọn, kò sí ọjọ́ tí n kò pè wọ́n lórí fóònù. Mo ń bèèrè ara, wọ́n ń sọ pé ara dá ṣáṣá, mo ń ṣàdúrà fún wọn, mo ń gbé fóònù sílẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn ọmọ rere. Láti iléyá ni apá wọn ti ń kọ iṣẹ́, n kò gbọ́ ọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ń sọ, bẹ́ẹ̀ etí ni mo fi ń ṣiṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù láyé. Ẹni tí kì í bá wọn sọ̀rọ̀ ló gbọ́ ọ. Ní báyìí, mo ṣì ń pè wọ́n lójoojúmọ́, wọ́n ṣì ń sọ pé ara dá ṣáṣá, èmi náà á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bó bá wá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń lọ sí Ìtòkú, mo máa ń jókòó tì wọ́n, a ó jọ ká aṣọ, n kò sì ní bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.